Ohun Tí Jẹ́rómù Yóò Sọ Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Ìdáàṣà, lẹ́sẹ̀ òkè,
ní ìgbà tí iṣu tuntun ń wọ̀lú.

Dàda, ọmọ mi,

Èmi baba rẹ ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀. Èmi baálé agbo ilé yìí, èmi Oníbéèrè tí gbogbo àdúgbò ń wárí fún, èmi tí ọkọ ìyàwó kankan kò lè dúró níwájú mi kí òógùn má bọ́ lójú rẹ̀, èmi tí òkè mọ́kànlélógójì mọ ohùn mi, tí mo bá wúkọ́ lówùúrọ̀, ewúrẹ́ á dìde. Ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ yìí ti jáde. Ẹni tó di kálámù mú kò ṣe pàtàkì, má wulẹ̀ bèèrè.

Ara mi le. Ìyá rẹ wà. Àìná àbúrò rẹ náà wà, ó ń gbọ́ràn dáadáa, kò sì sí ẹni tó mú ẹjọ́ rẹ̀ wá bá mi láti ìjẹta.

Mo gbọ́ pé ilé ìgbẹ̀bí ní Àjàṣẹ́ ti gbà ọ́ síṣẹ́, pé aṣọ funfun ni o ń wọ̀, àwọn aboyún sì ń pè ọ́ ní màdámù. Ó dára. Mo tún gbọ́ ìkejì, èyí tí o kọ sí ìyá rẹ tí o kò kọ sí mi: pé ìwọ àti Jẹ́rómù yóò ṣe ìgbéyàwó yín níbẹ̀, pé kí ẹnikẹ́ni nílé má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Nítorí ìkejì yẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni n ó kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a bá sọ lẹ́ẹ̀mejì, ìjà ló máa ń dà.

O mọ àṣà ilé wa, ṣùgbọ́n n ó tún un sọ, nítorí pé ìlú ńlá máa ń mú kí etí gbàgbé. Àna kì í kan ilẹ̀kùn wa kó wọlé. Ìyàwó á wà nínú ilé, ilẹ̀kùn á wà ní títì, èmi á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, n ó sì máa bèèrè. Ìtàn ìlú, oúnjẹ, eré, àlọ́, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ ahọ́n: gbogbo ohun tí ènìyàn ń mọ̀ láìrántí ẹni tó kọ́ ọ. Bí ọkọ bá dáhùn, ilẹ̀kùn á ṣí. Bó bá kùnà, á padà sílé wọn, á sì láǹfààní láti tún wá lẹ́ẹ̀kan péré, nígbà iṣu tuntun. Bí iṣu tuntun bá kọjá tí a kò rí i, ó parí. Ọmọbìnrin náà lè fẹ́ ẹ níbikíbi, kò sẹ́ni tí yóò dè é lókùn. Ṣùgbọ́n kò tún ní gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé bí ọmọ ilé mọ́. Àlejò ni. A ó tẹ́ ẹní fún un, a ó bu omi fún un, a ó sì sìn ín sọ́nà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ tó bá bí, àlejò ni wọn.

Jẹ́rómù ti wá lẹ́ẹ̀kan, ó sì kùnà. Iṣu tuntun ti ń wọ ọjà Glazoué báyìí. Kì í pẹ́ tán.

Mo rántí ọjọ́ náà dáadáa. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin pẹ̀lú táì lọ́rùn, nínú irú oòrùn yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ìyá Kpingni, tí ẹnu rẹ̀ mú ju àdá lọ, wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ta ló so eléyìí lọ́rùn?" ni ó wí. "Ẹ tú u kó lè jẹko."

Gbogbo agbo ilé rẹ́rìn-ín. Òun kò rín. Ó fọwọ́ tún táì rẹ̀ ṣe.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn kìn-ín-ní: sọ fún un kó rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá fi ọkọ ìyàwó ṣe yẹ̀yẹ́, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ rín kí àwọn tó kù tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò lè fara da Ìyá Kpingni fún ọ̀sán kan, báwo ni yóò ṣe fara da ìyàwó títí di ọjọ́ alẹ́?

Èmi gan-an jìyà èyí rí. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, àwọn fadá ṣe eré ìjìyà Jésù lẹ́sẹ̀ òkè, wọ́n sì fi mí ṣe ọmọ ogun Róòmù. Wọ́n fi ọparun ṣe ọ̀kọ̀ fún mi, wọ́n dé abọ́ tánganran sí mi lórí bí àṣíborí. Iṣẹ́ mi kò ju kí n dúró síbi àgbélébùú lọ. Ni abọ́ bá yọ̀ wálẹ̀, ó bò mí lójú dé imú, ará ìlú bá bú sẹ́rìn-ín. Dípò kí n tì í sókè kí n máa dúró lọ, inú bí mi. Mo sọ ọ̀kọ̀ sílẹ̀, mo ní n kò ṣe mọ́, mo bá gba àárín èrò lọ sílé. Jésù kú lọ́jọ́ náà láìsí ẹni tó ṣọ́ ọ. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá lọ́jà, àgbàlagbà kan á pariwo láti abẹ́ ìbòòji pé, "Ọmọ ogun! Pílátù ń wá ọ o!" Ìbínú kékeré ló fún mi ní orúkọ tí mo máa gbé wọ ibojì.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ iṣu. Jẹ́rómù kò wá lọ́wọ́ òfo, mo gbà. Ó dúró ní Glazoué, ó yan èyí tó tóbi jù lọ nínú ọjà, ó sì gbé e wá sẹ́nu ọ̀nà wa. Iṣu kòkórò ni, Dàda. Kòkórò! Iṣu tí a ń bó, tí a ń sá gbẹ, tí a ń lọ̀ fún èlùbọ́ nígbà tí oúnjẹ tútù bá tán. Oúnjẹ gidi ni, èmi náà ń jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n làbókò là ń gbé lọ sílé àna. Làbókò ló kọ́kọ́ ń jáde nínú ilẹ̀, òun ló ń rọ̀ lábẹ́ odó, òun ló ń sọ fún ìyá ìyàwó pé, ohun tó bá kọ́kọ́ dé ọwọ́ mi, ọmọ yín ni n ó fún. Kòkórò ń sọ pé, ohun tó bá ṣẹ́kù ni yóò máa jẹ. Ó tún wá gbé e wọ àgbàlá tìdítìdí, nígbà tí ọmọdé tó ń rá lórí òkè yìí mọ̀ pé orí iṣu ló ń kọ́kọ́ wọlé.

Mo bi í, mo ní, "Iṣu wo nìyí?"

"Iṣu ńlá ni, Bàbá."

"A rí i," ni Ìyá Kpingni dá sí i. "Erin náà tóbi. A kì í gún un."

Kó tún padà sí Glazoué nígbà tó bá ń bọ̀. Kó má bi obìnrin oníṣu pé èwo ló tóbi jù. Kó bi í pé, "Ìyá, bó bá jẹ́ ọmọkùnrin yín ló ń lọ sílé àna rẹ̀, èwo lẹ máa fún un?" Wọn kì í purọ́ fún ẹni tó bá bèèrè báyẹn. Èmi kò bi ẹnikẹ́ni nígbà tí mo kọ́kọ́ ní oko tèmi. Mo gbin kòkórò sí gbogbo ilẹ̀ nítorí pé ó ń so púpọ̀. Nígbà tí iṣu tuntun dé, odó ń dún ní gbogbo agbo ilé, tèmi ṣì wà nínú ilẹ̀. Mo jókòó, mò ń wo ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọ mi, kì í ṣe ohun tó pọ̀ nìkan ni kí ènìyàn máa gbìn. Gbin díẹ̀ lára èyí tó ń tètè dé. Nínú ìgbéyàwó pẹ̀lú.

Ìkẹta, ìtàn. Mo bi í pé, "Nígbà tí ogun Dàhòmì ń bọ̀, kí ló kọ́kọ́ dákẹ́ lórí òkè?"

Ó nà ró. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ka orúkọ àwọn ọba Dàhòmì fún wa lẹ́sẹẹsẹ, èyí tó jọba ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé-ìwé. Ó ṣeé ṣe kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ òótọ́. A dúró dè é títí tó fi parí. Àwọn ọmọdé ti ń lọ ṣeré.

Mo ní, "Ọmọ, àwọn ọba tí o kà yìí, ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà. Orí òkè ni mo bi ọ́."

Ìdáhùn náà ni: ọlọ. Ìró ọlọ ló ń kọ́kọ́ dé pẹ̀tẹ́lẹ̀, kí ohùn ènìyàn tó dé ibẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá rí eruku lọ́nà jíjìn, àwọn ìyá wa á gbé ọmọ ọlọ kalẹ̀ sórí àpáta pẹ̀lẹ́, kí ọ̀gbẹ́ni kankan tó ní kí ẹnikẹ́ni pa ẹnu mọ́. Kòtò ọlọ wọn ṣì wà lára àpáta lókè ilé wa, ìwọ náà ti jókòó sínú ọ̀kan rí.

Fún ìwọ fúnra rẹ, mo fi èyí kún un: bí ọ̀rọ̀ ńlá bá ń bọ̀ nínú ilé yín, kọ́kọ́ gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ kalẹ̀. Èmi kò kọ́ ọ nígbà tó yẹ. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ìyá rẹ ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ pàtàkì nígbà tí mo bá ń pọ́n ọkọ́ tàbí tí mo bá ń hun okùn. Ó sọ lọ́jọ́ kan pé bí wọ́n bá ní kí òun wá mọ̀ mí láàárín èrò, àtàrí mi lòun máa fi mọ̀ mí.

Ìkẹrin ló burú jù. Àwọn ará Kétu tó máa ń wá ṣe gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ́jà wa, o rántí wọn. Mo bi Jẹ́rómù pé, "Nígbà tí ère bá jáde, pẹ̀lú ọmú àti ìdí àti gèlè, ta ló wà nínú aṣọ náà?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó kàn jẹ́ pé ibi tí kò yẹ ló ti rín. "Ọkùnrin ni, Bàbá. Gbogbo ayé ló mọ̀."

Ìyá Kpingni gan-an ò rí nǹkan kan wí, o sì mọ̀ pé èyí kì í ṣẹlẹ̀.

Gbogbo ayé mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fi í sọ ọ́. Ìdáhùn náà ni: "Ìyá wa ni. Ẹ jẹ́ ká kí wọn." Ọkùnrin tó bá fèsì báyẹn, à ń mọ̀ pé bí ìyàwó rẹ̀ bá ní ohun kan lábẹ́ aṣọ, kò ní máa gbé e lọ sọ lọ́jà. Ìwọ náà tó ń gbẹ̀bí, gbọ́ èyí. O ó rí ohun púpọ̀ lára àwọn obìnrin Àjàṣẹ́. Àdúgbò lè mọ̀ ọ́n, afẹ́fẹ́ lè gbé e kiri. Kó má ṣe jẹ́ láti ẹnu rẹ.

Ẹ̀karùn-ún, tàbí bóyá ẹ̀kẹfà, n kò kà á mọ́: mo ní kó pa àlọ́ kan fún wa. Oòrùn wà láàárín ọ̀run gangan. Ó wú ikọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí pa ìtàn àwọn ẹranko kan láti inú ìwé Faransé. Ó ṣe ohùn ọ̀kan, ó ṣe ohùn ìkejì, ó fò díẹ̀. N kò ní purọ́, ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tó mọ̀ nípa ohùn ṣíṣe máa gbóríyìn fún un. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń fò, gbogbo agbo ilé ń wo òkè, wọ́n ń wo oòrùn, wọ́n tún ń wo ara wọn. Ta ló ń pa àlọ́ lọ́sàn-án gangan?

Kí ló yẹ kó sọ? Kó sọ pé, "Bàbá, oòrùn ṣì wà lókè. Ẹ gbà mí sílé títí ilẹ̀ á fi ṣú, n ó pa á." Ṣé o rí i? Ó ti bẹ̀bẹ̀ pé kí a ṣílẹ̀kùn, kò sì bẹ ẹnikẹ́ni. Nínú ìbéèrè yẹn nìkan ni ilẹ̀kùn wa ti ń fi ojú rere wo ọkọ ìyàwó, òun sì lọ ń fò bí ẹranko.

Èyí tí a kò tíì dé ni ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ ahọ́n. N ó bi í. Kó máa wí i láàárọ̀ nígbà tó bá ń wẹ̀: "Ọkọ́ ọkọ kọ́ ni ọkọ́ tí ọkọ̀ kó kọjá lókè Kèrè." Bó bá ta kókó sí i lẹ́nu, kó má tún un wí kíákíá bí ẹni tí ajá ń lé. Kó dúró, kó mí, kó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wí i láìkọsẹ̀, a ó pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹni tó bá kọsẹ̀ tó sì rẹ́rìn-ín, ìyá ìyàwó á ti máa wá kọ́kọ́rọ́.

Lọ́jọ́ náà, lẹ́yìn àlọ́ ọ̀sán, mo dìde. Mo ní, "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ bá wa kí ilé." Mo wọlé. Ìwọ gba ẹ̀yìnkùlé jáde, o tẹ̀ lé e lọ síbùdó ọkọ̀ ojú irin. N kò pè ọ́. Ìwọ náà kò wẹ̀yìn. Bí a ṣe wà láti ìgbà náà nìyẹn.

Ó wá ku ohun kan tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọmọ.

Èmi náà kùnà.

Ní Kèrè ni, lẹ́nu ọ̀nà bàbá ìyá rẹ. Làbókò ni mo gbé, orí ló kọ́kọ́ wọlé, ẹ̀wù mi mọ́, àyà mi sì le. Bàbá àgbà náà jókòó, ó ń jẹ obì. Ó wò mí, ó ní, "Ta ló kọ́kọ́ gun òkè yìí?"

Mo ti múra sílẹ̀ fún èyí. Mo ka àwọn bàbá ńlá mi fún un, láti orí ẹni tó ti ọ̀nà ìlà-oòrùn wá títí dé orí bàbá tó bí mi. Mo lu àyà nígbà tí mo dé orí tèmi.

Ó tu obì sílẹ̀. Ó ní, "Àwọn ọ̀bọ ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá?"

"Àwọn ọ̀bọ. Nígbà tí àwọn bàbá ńlá rẹ dé, ṣé wọn kò bá wọn lórí òkè ni? Àbí àwọn ọ̀bọ náà ni bàbá ńlá rẹ?"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín ní Kèrè lọ́jọ́ náà, mo ń gbọ́ ọ títí mo fi dé ilé. Mo búra pé n kò padà síbẹ̀ mọ́. Mo ní n ó wá ìyàwó níbi tí wọn kì í bèèrè ọ̀rọ̀ ọ̀bọ. Gbogbo ìgbà òjò ni mo fi ń sọ ọ́ kiri.

Nígbà tí iṣu tuntun dé, mò ń ti oko bọ̀, ìyá rẹ ń ti odò bọ̀, ó ru omi, ó pọn àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn. Kò kí mi. Kò wo ojú mi. Ó kàn ń fi orin rẹ ọmọ, ọmọ náà sì ti sùn tipẹ́. Orin náà kò dùn, kò sì lórí tàbí ìdí. Ìbéèrè bàbá rẹ̀ ló ń kọ lórin, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, pẹ̀lú ìdáhùn wọn. Mo yí padà, mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn dé ìgbèríko Kèrè kí n lè gbọ́ ọ tán.

Ẹni tó gba ìdáhùn lẹ́yìn obìnrin tó ru omi ló jókòó sórí àpótí lónìí tó ń bi ọmọ ọlọ́mọ léèrè.

Bàbá àgbà náà mọ̀, ní ti òdodo. Nígbà tí mo dáhùn gbogbo rẹ̀ láìṣìnà, ó wo ìyá rẹ, kò wo èmi. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ ìdí tí a fi ń fún wọn láǹfààní kejì. Nígbà àkọ́kọ́, ọkọ là ń bi. Nígbà kejì, ìyàwó là ń bi: ṣé ó fẹ́ ọkùnrin yìí débi pé yóò kọ́ ọ, ṣé ó sì fẹ́ ilé yìí débi pé yóò mú un padà wá? Bí ọkọ bá dé nígbà kejì tí kò mọ nǹkan kan síbẹ̀, kì í ṣe òun ló kùnà.

Nítorí náà, Dàda, mo ti kọ gbogbo rẹ̀ síbí. Kọ́ ọ. Ẹ wá kí iṣu tó tán. Kó bọ́ táì yẹn sílé.

Èmi ni baba rẹ, baálé, Oníbéèrè, ẹni tí ewúrẹ́ ń dìde fún.

Ẹ̀gbọ́n mi, èmi Àìná ni, ẹ má tíì ká lẹ́tà náà. Ó ku díẹ̀.

Wọ́n ní Dàda ò lè jà, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò tó gbójú. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ báyìí. Ẹ dárí jì mí pé mo ti ń pè yín ní "ìwọ" láti òkè lẹ́tà. Kò sí bí mo ṣe lè jẹ́ Bàbá kí n tún máa kúnlẹ̀. Ẹ dárí àṣìkọ jì mí pẹ̀lú. Ẹ mọ̀ pé olùkọ́ lé mi nílé-ìwé kí n tó kọ́ tán, nítorí pé mo ṣe ohùn rẹ̀, tí gbogbo kíláàsì sì dìde kí mi.

Mi ò fi irọ́ kún un. Gbogbo ìdáhùn náà, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti gbọ́ wọn láti kékeré. Ti Kèrè, Ìyá ló sọ fún mi nígbà tí lẹ́tà yín dé, tí wọ́n ń sunkún tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín lórí ọ̀rọ̀ ọ̀bọ. Ohun tó jẹ́ kí n mú kálámù ni pé bí ọkọ̀ ojú irin bá ti fọn fèrè báyìí, Bàbá á gbé àpótí wọn jáde sẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní atẹ́gùn làwọn ń gbà. Atẹ́gùn kì í fẹ́ ní ẹnu ọ̀nà wa, ẹ mọ̀.

Lánàá, mo ń ka lẹ́tà náà fún Ìyá nílé ìdáná, pẹ̀lú ohùn Bàbá gẹ́lẹ́, àti bí wọ́n ṣe máa ń fi ọ̀fun pa "Dàda" mọ́lẹ̀. Ìyá di ìkòkò mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. La bá gbọ́ lẹ́yìn wa:

"Ta ni baálé tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé mi?"

Ìyá ò wẹ̀yìn. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ni, Bàbá Dàda. Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ tipẹ́ kí ẹ tó dé."

Mo ti ń wo ibi tí mo máa sá gbà. Bàbá ní, "Kà á lọ."

Mo fi ohùn kékeré kà á.

"Rárá. Fi ohùn yẹn kà á."

Mo bá fi ohùn yẹn kà á, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo dé ibi àwọn ọ̀bọ, wọ́n wo Ìyá. Ìyá wo ìkòkò. Nígbà tí mo parí, wọn ò pariwo, wọn ò mú pàṣán. Ọkọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri.

"Ohùn yẹn," ni wọ́n wí.

"Bàbá?"

"Ṣé bí mo ṣe máa ń le nìyẹn?"

Ìyá ló bá mi dáhùn. Wọ́n ní, "Tirẹ̀ dín díẹ̀ sí tiyín."

Ẹ̀rù ti ń kúrò lára mi, ìtìjú ló wá kù. Bàbá wá sọ fún ilẹ̀, kì í ṣe fún wa, pé, "Bó bá jẹ́ Dàda ni mò ń bá sọ̀rọ̀, mi ò ní le báyìí."

Wọ́n bá jáde. Wọn ò ní kí n ya lẹ́tà náà, wọn ò sì ní kí n fi ránṣẹ́.

Mo fẹ́ tún un kọ, ṣùgbọ́n tákàdá ti tán. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ padà sókè, ẹ tún un kà. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí i tí ohùn náà le, èmi ló ṣe é, ẹ yọ ọ́ kúrò. Èyí tó bá ṣẹ́kù, Bàbá ló ń bá yín sọ̀rọ̀.

Èmi ni,
Àìná, àbúrò yín.